Ẹ̀dà Ṣáájú Àtúnṣe: Ìtọ́jú Àkójọ Ohùn àti Àkọsílẹ̀ Èdè Nígbà tí Ètò Ìtòfáìlì Bá Dàrú

Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, inú àpótí onígi tàbí àpò kásẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ èdè abínibí ń kó ohun tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà sí. Lónìí, inú fíláàṣì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ni ó wà. Oríkì orílẹ̀, ẹkún ìyàwó, ìjálá, àlọ́ onítàn, tatsuniya àwọn Hausa, ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Igbo, ìbéèrè ìdánwò láti ọdún pípẹ́ wá, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́: gbogbo rẹ̀ ni ó ń bá olùkọ́ lọ láti ilé dé kíláàsì, láti kíláàsì dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tẹ̀wé. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ni kò sí lọ́jà fún ẹnikẹ́ni láti rà. Ẹni tí ó sọ wọ́n sínú ẹ̀rọ sì lè ti di ará ọ̀run.

Bí ó bá wá di ọjọ́ kan, olùkọ́ á ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sójú pé òun kò lè kà á, pé ṣé kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Àtúnṣe ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Olùkọ́ á sáré gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun náà á sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, “Ẹ má dààmú, mà. Ká kàn fọ́máàtì ẹ̀ ni, á padà sípò.” Òótọ́ ni ó sọ, fíláàṣì á padà sípò. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó má padà mọ́. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣe sí fíláàṣì, káàdì tàbí díìsìkì tí ó dàrú ni kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àtúnṣe.

Ohun tí ètò ìtòfáìlì jẹ́

Ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìkàwé ńlá rí á mọ̀ pé ìwé kì í dá ara rẹ̀ tò. Káàdì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí ń sọ orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́, àti pẹpẹ tí ó wà. Bí iná bá jó àwọn káàdì náà, ìwé ṣì wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i mú lọ́gán. Bákan náà ni ètò ìtòfáìlì ṣe rí. Òun ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà.

Lórí ọ̀pọ̀ fíláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì, ètò tí a máa ń bá níbẹ̀ ni FAT32, èyí tí ilé iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní 1996, tàbí exFAT tí ó tẹ̀lé e ní 2006. FAT32 pín àyè orí káàdì sí yàrá kéékèèké. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà nínú àkọsílẹ̀ fódà tí ń sọ orúkọ rẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó, àti nọ́ńbà yàrá tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Tábìlì kan ló sì ń sọ yàrá tí ó tẹ̀lé e, àti èyí tí ó tẹ̀lé ìyẹn, títí dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ sábà máa ń kọ tábìlì yìí, kí èkejì lè wúlò bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Bí ènìyàn bá pa fáìlì rẹ́, ẹ̀rọ kò nu ohùn tàbí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Àmì kan ni ó ń fi rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, tí ó sì ń kéde nínú tábìlì pé àwọn yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Ohun inú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí fáìlì mìíràn yóò fi wá gba ibùgbé rẹ̀. NTFS tí Windows ń lò àti ext4 tí Linux ń lò ní ìlànà tiwọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tí a tọ́jú lọ́tọ̀.

Ohun tí ń ba àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ ní Nàìjíríà. Iná mànàmáná lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Ọmọ lè fa fíláàṣì yọ láìdágbére fún ẹ̀rọ. Bátìrì ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè kú láàárín orin. Nígbà mìíràn, káàdì fúnra rẹ̀ ni ó ti gbó. NTFS tí ó jáde ní 1993 àti ext3 tí ó wọ Linux ní 2001 ní ìwé kékeré kan tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sí kí ó tó ṣe é, kí ó lè tún ara rẹ̀ tò bí iná bá padà dé. FAT32 àti exFAT kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ni a sì sábà máa ń gbé lọ sí abúlé láti gba ohùn sílẹ̀. Èyí tí ó ní ìwé náà pàápàá, ìtò fáìlì ni ó ń dáàbò bò ju ọ̀rọ̀ inú fáìlì lọ.

Ewu tí ó wà nínú àtúnṣe

Irinṣẹ́ àtúnṣe tí ó wọ́pọ̀ ni chkdsk lórí Windows àti fsck lórí Linux. Ohun tí a ṣe wọ́n fún ni kí àkọsílẹ̀ má ta ko ara rẹ̀. Bí yàrá kan bá wà tí kò ní fáìlì tí ó ni ín, tàbí tí fáìlì méjì bá ń jà sí yàrá kan ṣoṣo, irinṣẹ́ á dájọ́, á sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ sórí díìsìkì lójú ẹsẹ̀. Kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kò sì kàn án.

Kí a fi olùkọ́ kan tí ó gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní ìgbèríko Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ń ṣe fáìlì WAV olójú kan, ó ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Báìtì 88,200 nìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 318 fún wákàtí kan. Ní ogójì ìṣẹ́jú, bátìrì kú. Nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 212 ti wọ orí káàdì nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni ó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró ni wọ́n tó ń kọ ìtóbi fáìlì sínú àkọsílẹ̀ fódà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ṣí káàdì náà nílé, orúkọ fáìlì ni yóò rí, òdo ni yóò sì bá níbi tí ó yẹ kí ìtóbi rẹ̀ wà.

Bí ó bá ní kí chkdsk tún káàdì ṣe, irinṣẹ́ náà á rí ọ̀wọ́ yàrá gígùn kan tí kò ní olówó. Ó lè béèrè bóyá kí òun sọ ọ̀wọ́ náà di fáìlì. Bí olùkọ́ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, yóò bá fáìlì kan tí ń jẹ́ FILE0000.CHK nínú fódà FOUND.000, inú rẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà wà. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ nítorí pé ìbéèrè náà kò yé e, àwọn yàrá náà á di òfìfo lójú ẹ̀rọ, ohun mìíràn tí ó bá sì gbà sílẹ̀ lórí káàdì náà lè jókòó lé ẹkún ìyàwó lórí. Bí ó bá jẹ́ pé tábìlì fúnra rẹ̀ náà ti fara pa, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo lè já sí ogún tàbí ọgbọ̀n, kí apá kan orin sì bá tẹ́ẹ̀tì kíláàsì JSS 2 pọ̀ nínú fáìlì kan. Ní irú ipò báyìí, kò sí ẹni tí ó lè mọ ìdáhùn tí ó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà méjì lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lórí ọ̀kan, kí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí èkejì, kí ó wá fi àbájáde méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dáhùn.

Àwọn onímọ̀ lítírésọ̀ mọ èyí dáadáa nínú iṣẹ́ tiwọn. Bí ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, tí omi ti pa ìlà mélòó kan rẹ́, kò sí èyí tí yóò mú bírò láti fi parí ọ̀rọ̀ tí ó sọnù lórí ìwé náà gan-an. Ẹ̀dà ni wọ́n ń dà kọ, orí ẹ̀dà ni wọ́n ti ń gbìyànjú pé bóyá ọ̀rọ̀ tí ó sọnù nìyí, bóyá òmíràn ni.

Ewu kejì wà tí kò jẹ mọ́ ìdájọ́ rárá. Bí díìsìkì fúnra rẹ̀ bá ń kú lọ, iye ìgbà tí ó kù tí yóò ṣeé kà kò pọ̀. Irinṣẹ́ àtúnṣe á sá sókè sá sódò lórí rẹ̀, á máa kà, á máa kọ, díìsìkì lè dákẹ́ pátápátá kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Agbára tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi ṣe ẹ̀dà.

Ní ti fọ́máàtì, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Èyí tí ó yára máa ń tún àkọsílẹ̀ kọ ni, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ ohun inú yàrá sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Èyí tí kò yára, láti ìgbà Windows Vista, òdo ni ó ń kọ sí gbogbo yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí babaláwo tí ó lè pè é padà.

Bí a ti ń ṣe ẹ̀dà

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdúró. Kí olùkọ́ má gba ohùn mìíràn sórí káàdì náà, kí ó má ṣí i kiri, kí ó kọ̀ fún ẹ̀rọ tí ń bẹ̀ ẹ́ pé kí òun fọ́máàtì. Àwọn olùkọ́ tí ó ti dàgbà á rántí pé kásẹ́ẹ̀tì ní etí kékeré méjì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gba ohun iyebíye sílẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ etí náà dànù, ọmọ ilé kò sì ní lè gba orin fújì lé e lórí. Káàdì SD náà ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dára kí a tì í, ṣùgbọ́n àmì ìkìlọ̀ lásán ni, ẹ̀rọ tí kò bá bọ̀wọ̀ fún un lè kọjá. Fíláàṣì púpọ̀ kò tilẹ̀ ní irú rẹ̀. Windows òde òní sì máa ń kọ fódà tirẹ̀ sórí fíláàṣì ní kété tí a bá ti kì í bọ̀ ọ́, láìbéèrè. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń lo Linux tí ń bẹ̀rẹ̀ láti orí CD tàbí fíláàṣì mìíràn, irú bíi SystemRescue, èyí tí kì í ṣí díìsìkì àfi tí a bá pàṣẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí ẹ̀dà yóò wà. Díìsìkì mìíràn ni, kì í ṣe fódà mìíràn lórí díìsìkì kan náà. Àyè tí ó ṣófo lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju gbogbo ìtóbi káàdì tí ó bàjẹ́ lọ, kì í ṣe ìtóbi fáìlì inú rẹ̀ nìkan. Káàdì gígábáìtì 16 tí fáìlì mẹ́ta péré wà lórí rẹ̀, gígábáìtì 16 ni ẹ̀dà rẹ̀ yóò gbà, nítorí pé a ń da òfìfo rẹ̀ náà kọ. Inú òfìfo yẹn ni ohun tí a ń wá lè wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí: FAT32 kò gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó tó gígábáìtì 4. Bí díìsìkì tí a fẹ́ kó ẹ̀dà sí bá jẹ́ FAT32, iṣẹ́ á dúró lójú ọ̀nà. Kí ó jẹ́ NTFS, exFAT tàbí ext4.

Irinṣẹ́ tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni GNU ddrescue, tí Antonio Diaz Diaz kọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí dd, irinṣẹ́ àtijọ́ tí Unix, ni pé dd máa ń dúró níbi tí ó bá ti kọ́kọ́ bá àṣìṣe pàdé, bí a kò bá sọ fún un kí ó má dúró. Ddrescue kì í bá ibi tí ó le jà lákọ̀ọ́kọ́. Ó máa ń kó gbogbo ibi tí ó ṣeé kà kíákíá, lẹ́yìn náà ni yóò wá padà sí àwọn ibi tí ó ṣòro, díẹ̀díẹ̀. Ó sì ń kọ ohun tí ó ti ṣe sínú fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ máàpù. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, àṣẹ kan náà ni a ó tún pa, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé. Lórílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, èyí nìkan tó láti yàn án. Àṣẹ méjì ni:

ddrescue -n /dev/sdb kaadi.img kaadi.map

ddrescue -d -r3 /dev/sdb kaadi.img kaadi.map

Ti àkọ́kọ́ ń kó ohun tí ó rọrùn, ti èkejì ń padà sí ibi líle ní ìgbà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ /dev/sdb dúró fún káàdì tí ó bàjẹ́, kò sì ní jẹ́ orúkọ yìí lórí gbogbo ẹ̀rọ. Kí a kọ́kọ́ pa àṣẹ lsblk, kí a wo ìtóbi díìsìkì kọ̀ọ̀kan, kí ó dá wa lójú èyí tí í ṣe káàdì, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi orúkọ méjì kọ fún ara wọn lè da òfìfo lé àkójọ rẹ̀ lórí. Fún káàdì gígábáìtì 16 tí ara rẹ̀ dá, tí ń sáré ní mẹ́gábáìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ. Èyí tí ó ń ṣàìsàn lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹ̀dà bá ti parí, kí a pa àṣẹ sha256sum lórí rẹ̀, kí a kọ nọ́ńbà gígùn tí ó bá jáde sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ iwájú pé ẹ̀dà kò yí padà. Kí a wá ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà náà. Ti àkọ́kọ́ di ohun àìfọwọ́kàn, orí èkejì ni gbogbo àtúnṣe yóò ti wáyé. Káàdì fúnra rẹ̀ á padà sínú àpòòwé pẹ̀lú déètì lára.

Orí ẹ̀dà kejì yìí ni chkdsk, fsck tàbí TestDisk ti lè ṣe ohun tí ó wù wọ́n. Bí fsck bá jẹ́ ti ext4, kí a kọ́kọ́ fi -n pè é, yóò sọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ ṣe láìṣe ọ̀kankan. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan tí ó ṣeé gbà là, PhotoRec, tí Christophe Grenier kọ, lè wá fáìlì láti inú ìrísí ìbẹ̀rẹ̀ wọn, láìgbára lé ètò ìtòfáìlì. Ṣùgbọ́n kò ní dá orúkọ wọn padà, nọ́ńbà ni yóò fún wọn. Níbi tí fáìlì WAV bá ti kọ òdo sí ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀ nítorí bátìrì tí ó kú, Audacity lè gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ohùn tútù, bí a bá sọ fún un pé 44,100 ni, bíìtì 16, ojú kan.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ tí ó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́. Ẹlẹ́rọ kò mọ ẹkún ìyàwó yàtọ̀ sí rárà. Olùkọ́ ni yóò jókòó, tí yóò gbọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, tí yóò mọ ohùn ta ni, ìlú wo ni, ìlà wo ni ó já.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí kò kàn. Bí díìsìkì onírin bá ń dún kà, kà, kà, kí a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má ṣí i, kí a gbé e fún ẹni tí ó ní irinṣẹ́ àti yàrá tí kò ní eruku. Àwọn díìsìkì SSD tuntun náà yàtọ̀: ohun tí a bá pa rẹ́ lórí wọn sábà máa ń parẹ́ tán láìpẹ́, ẹ̀dà kò sì lè jí ohun tí kò sí níbẹ̀ dìde.

Àmì ohùn, orúkọ fáìlì àti fọ́ǹtì

Àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà mẹ́nu ba wàhálà tí ó jẹ́ ti olùkọ́ èdè ní pàtó. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ àti àmì òkè ni a ń so pọ̀. Ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ni a lè gbà so wọ́n, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀. Àwọn ẹ̀rọ Apple tí ń lo ètò HFS+ máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀ sí lẹ́tà àti àmì. Windows ń fi í sílẹ̀ bí ó ṣe bá a. Nítorí náà, bí a bá ń fi orúkọ inú ẹ̀dà wé èyí tí ó wà lórí ìwé àkójọ, “Ẹkún Ìyàwó” méjì lè fara hàn bí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sàn kí orúkọ fáìlì jẹ́ nọ́ńbà àti déètì, kí orúkọ tí ó ní àmì ohùn wà nínú ìwé àkójọ.

Èyí tí ó burú jù ni ti fọ́ǹtì. Kí Unicode tó gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ ìwé, nínú èyí tí a ti fi ẹ, ọ àti ṣ sí ipò àmì mìíràn. Bákan náà ni ti ɓ, ɗ àti ƙ nínú èdè Hausa, àti ị, ụ àti ṅ nínú èdè Igbo. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè la gbogbo ìjàǹbá tí a sọ lókè já láìfarapa, síbẹ̀ kí ó má ṣeé kà, nítorí pé fọ́ǹtì rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ tí ó ti kú. Kí a kó fọ́ǹtì pọ̀ mọ́ ìwé. Bí odidi díìsìkì àtijọ́ bá wà lọ́wọ́, ẹ̀dà odidi rẹ̀ ti gbé fọ́ǹtì náà wá pẹ̀lú, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí kíkó fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan kò fi tó.

Iṣẹ́ fún kíláàsì àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́

Fíláàṣì kékeré tí ó ti gbó, gígábáìtì 1 tàbí 2, ti tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gba àlọ́ márùn-ún sílẹ̀ lẹ́nu ara wọn, wọ́n á kó wọn sórí fíláàṣì náà, wọ́n á pa méjì rẹ́, wọ́n á sì fa fíláàṣì yọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ ìkẹfà lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan á tún un ṣe láti orí ẹ̀dà. Kí olùkọ́ fún ẹgbẹ́ kejì ní fíláàṣì mìíràn tí a bàjẹ́ lọ́nà kan náà, kí wọ́n tún un ṣe tààrà láìsí ẹ̀dà. Ẹgbẹ́ méjèèjì á wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí gbà là, wọ́n á kọ orúkọ apàlọ́, ibi tí àlọ́ ti já, àti iye ìṣẹ́jú tí ó sọnù. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Hausa, Igbo àti Yorùbá bá ti jọ wà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ tí èdè rẹ̀ ní fún ẹ̀dà, àkójọ àti àtúnṣe, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún àwọn yòókù ìdí tí wọ́n fi yàn án.